Ìgbẹ́ mọ́, síkáànù rí nǹkan: kí ni PCR ń wá nínú ẹ̀dọ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán láàárín aláìsàn àti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Iléṣà níbí. Wọ́n ṣe síkáànù fún ẹnì kan, wọ́n ní ihò kan wà lápá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì jọ pé ọyún ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ yẹ ìgbẹ́ wò. Èsì ìgbẹ́ dé: a ò rí ẹyin aràn, a ò rí kòkòrò kankan. Ó gbé ìwé méjèèjì padà fún dókítà, dókítà tún kọ òmíràn lé e pé kó lọ ṣe PCR, ìyẹn àyẹ̀wò láàbù tó ń wá DNA kòkòrò, àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ta ni ká gbà gbọ́ nínú yín? Ṣé ẹni tó yẹ ìgbẹ́ wò ni ò mọṣẹ́ ni, àbí síkáànù ló ń parọ́?"

Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wá yàtọ̀, ibi tó ti ń wá a náà sì yàtọ̀. PCR tí gbogbo ènìyàn wá ń sá lọ bá pé òun ni yóò parí ẹjọ́ yìí, òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó bá wà nínú ohun tí ẹ gbé fún un nìkan ló lè rí, ohun tí a sì dárúkọ fún un nìkan ló ń wá.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n yọ nǹkan kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ àìsàn tí àwọn èèyàn wa ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, kì í ṣe kòkòrò afòmọ́ tàbí aràn ló ń fà á. Fáírọ́ọ̀sì hẹpatáítíìsì B àti C ló ń bá ẹ̀dọ̀ jà jù lọ́dọ̀ wa, ọtí àmujù ń ṣe tirẹ̀, májèlé inú àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti bu náà ń ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣú, tí kò tíì ṣe àyẹ̀wò hẹpatáítíìsì B rí, kó má tíì máa náwó lórí PCR aràn. Èmi ò ní gba owó lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ ní ìdí.

Amíbà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí nínú àwọn kòkòrò afòmọ́, òun ló sábà máa ń dá irú ihò ọlọ́yún tí mo wí yẹn sínú ẹ̀dọ̀. Entamoeba histolytica ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, òun náà ló ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ló ń gbé e wọ ẹnu. Tó bá dé ìfun ńlá, ó lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù gbọọrọ láìṣe ẹni tó gbé e ní nǹkan kan. Lára ẹlòmíràn, yóò lu ògiri ìfun, yóò bọ́ sínú iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ láti ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀, yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ. Ẹran ara ẹ̀dọ̀ tó bá jẹ níbẹ̀ ló ń di omi ọyún pupa rúsúrúsú tí kì í sábà rùn. Àgbà ọkùnrin ló ń ṣe jù. Ìwé ìṣègùn ní bí obìnrin kan bá ní i, ọkùnrin bíi mẹ́wàá ni yóò ní i.

Nígbà tí ibà bá wá ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ìhà ọ̀tún ń ro ó tí kò lè fi sùn, ìgbẹ́ ọ̀rìn ti lè lọ láti ìgbà pípẹ́, ó sì lè má ṣe é rí rárá. Ojú kì í sábà rí amíbà mọ́ nínú ìgbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tó yẹ ìgbẹ́ wò tí kò rí nǹkan kan sọ òótọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Inú ẹ̀dọ̀ ló wà, ẹ̀dọ̀ kọ́ ni wọ́n sì gbé fún un.

Bí ó bá tilẹ̀ rí i nínú ìgbẹ́, ẹjọ́ ò tíì parí. Amíbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Entamoeba dispar. Kò ń ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, kò ń lọ sí ẹ̀dọ̀, kò nílò oògùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé òun àti histolytica sábẹ́ maikirosíkóòpù, kò sí bí ojú ṣe lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, àfi bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé a bá ẹ̀jẹ̀ tó gbé mì nínú ikùn ọ̀kan. Lọ́dún 1925, Émile Brumpt, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ pé oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbà. Ó di ọdún 1993 kí àwọn onímọ̀ tó pín wọn sí méjì nínú ìwé lọ́nà tí gbogbo ayé gbà, ọdún 68 lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti wí i. Ẹ ro iye èèyàn tó ti fi ọdún wọ̀nyẹn gbé oògùn mì nítorí amíbà tí kò ṣe nǹkan kan.

Ibi tí ojú kò ti lè yà wọ́n ni oríkì ti wúlò. Ẹni méjì lè jọra délẹ̀délẹ̀, kí wọ́n kọ ilà kan náà, kí wọ́n sì wọ aṣọ kan náà. Ẹ sáà bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, ẹ ó mọ̀ pé ìran Ọlọ́fà ni ọ̀kan, ìran Oníkòyí ni èkejì. DNA ni oríkì tí ohun ẹlẹ́mìí kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri nínú ara rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi kọ ọ́, A, T, G àti C, tí wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀nà tó yàtọ̀ láti ìran sí ìran. Ohun tí wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò mọ́líkúlà kò ju èyí lọ: dípò ká máa wá kòkòrò fúnra rẹ̀, oríkì rẹ̀ là ń wá.

Ṣùgbọ́n DNA tó wà nínú ọyún díẹ̀ kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà. A ní láti sọ ọ́ di púpọ̀, iṣẹ́ PCR sì nìyẹn. Ọdún 1983 ni Kary Mullis ronú kàn án ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1993. A máa ń mú DNA gbóná tó nǹkan bíi 95°C kí okùn méjì tó so pọ̀ lára rẹ̀ lè tú. A ó jẹ́ kó tutù díẹ̀, sí bíi 55 tàbí 60, kí ègé DNA kúkurú méjì tí wọ́n ń pè ní práímà lè jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà tí a ń wá. Lẹ́yìn náà, ní 72°C, ẹ́ńsáìmù kan yóò kọ ẹ̀dà ohun tó wà láàárín wọn. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Tí a bá yí i po ní ìgbà 30, ẹyọ kan ṣoṣo yóò ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ẹ́ńsáìmù ọ̀hún gan-an jẹ́ ohun ìyanu sí mi títí di òní: inú bakitéríà kan ló ti wá, Thermus aquaticus, tí Thomas Brock àti Hudson Freeze kọ nípa rẹ̀ ní 1969 lẹ́yìn tí wọ́n rí i nínú àwọn ìsun omi gbígbóná Yellowstone ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe Ìkógòsì o. Ohun tó ń gbé inú omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, iná láàbù kò lè pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀.

Práímà yẹn ni kí ẹ fi ọkàn sí, torí ibẹ̀ ni òye gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Bí a bá fi práímà histolytica wá inú ìgò kékeré tí a fi ń ṣe PCR, tó sì jẹ́ dispar ló wà níbẹ̀, práímà kò ní rí ibi jókòó, kò sì ní sí ẹ̀dà kankan. Ìyẹn dára, ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bakitéríà bíi Klebsiella ló dá ọyún yẹn sílẹ̀ ńkọ́? Práímà amíbà kò ní rí òun náà. Èsì yóò jáde pé "kò sí", aláìsàn yóò sì yọ̀ lọ sílé, nígbà tí ọyún ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. "Kò sí" lórí ìwé PCR túmọ̀ sí pé a ò rí DNA ẹni tí a dárúkọ, nínú ohun tí ẹ gbé wá, ní ọjọ́ tí ẹ gbé e wá. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń kọ orúkọ kòkòrò tó ń fura sí sórí fọ́ọ̀mù, tí láàbù náà sì ń wá bakitéríà nínú ọyún kan náà.

Ohun tí ẹ gbé wá ńkọ́? Bí ihò ẹ̀dọ̀ bá jẹ́ ti amíbà, ọyún inú rẹ̀ ló dára jù fún PCR. Kì í sì í ṣe èyí tó kọ́kọ́ jáde. Amíbà kì í gbé àárín ọyún, ara ògiri ihò náà ló ń dì mọ́, níbi tó ti ń jẹ ẹran tútù, nítorí náà èyí tó jáde gbẹ̀yìn, tó ti ń ha ògiri bọ̀, ló ní DNA jù. Dókítà nìkan ló lè pinnu bóyá kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀dọ̀, torí kì í ṣe gbogbo ihò ni wọ́n ń gún. Kókó omi kan wà tí aràn ara ajá tí wọ́n ń pè ní Echinococcus máa ń dá sílẹ̀. Bí omi rẹ̀ bá dà sínú ara, ó lè mú kí ara gbógun dìde lójijì débi tí ẹ̀mí fi lè lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kò dára tó ọyún fún PCR amíbà. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ ni áńtíbọ́dì, ìyẹn ohun tí ara fi ń gbógun ti àlejò. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú aláìsàn mẹ́wàá tí áńtíbọ́dì yìí máa ń hàn lára wọn tí amíbà bá wà nínú ẹ̀dọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè má tíì jáde, tó bá sì ti jáde, ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí amíbà bá jà nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ lè ṣì máa gbé áńtíbọ́dì rẹ̀ kiri lẹ́yìn tó ti ṣe ìgbéyàwó.

Ọ̀rọ̀ Flagyl wá kàn. Inú run ẹnì kan ní Lágere, Flagyl. Ẹnì kan jẹ ẹ̀wà tó ti kan, Flagyl. Oògùn amíbà ni lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbé e mì fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wá ti ba ẹ̀rí jẹ́ fún wa: amíbà yóò ti máa kú, maikirosíkóòpù kò ní rí i, PCR sì lè rí DNA òkú rẹ̀ tàbí kó má rí i mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún lára yín ohun tí ẹ ti lò. A ò ní bá yín jà. Flagyl yìí kan náà kì í sábà gbá amíbà inú ìfun mọ́ tán, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fi oògùn mìíràn bíi diloxanide tẹ̀lé e.

Àtọ̀sí ajá ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀, tí ọmọ á wẹ̀ lódò tán, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Schistosoma haematobium ni ìyẹn, àpò ìtọ̀ ló ń bá jà. Àbúrò rẹ̀ kan wà, Schistosoma mansoni, tó ń ṣe ẹ̀dọ̀. Àwọn méjèèjì ń gbé inú ìṣáwùrú odò kí wọ́n tó bọ́ sómi, awọ ara ni wọ́n sì ń gbà wọlé, wọn kì í gba ẹnu. Àwọn tó ń wa gòólù nínú omi lágbègbè Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń dúró sínú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ni mo máa ń rò nígbà tí mo bá ń sọ èyí. Bí odò yẹn bá ní ìṣáwùrú tó gbé kòkòrò náà, ẹsẹ̀ wọn ni ọ̀nà.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé aràn yìí kì í gbé inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Akọ àti abo rẹ̀ ń gbé pọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìfun, wọ́n sì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Ẹyin tí abo ń yé lójoojúmọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn á la ìfun já, wọ́n á bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀jẹ̀ á gbá àwọn tó kù lọ sí ẹ̀dọ̀, wọ́n á há sínú àwọn iṣan tíntìntín, ara á máa fi egbò àti àpá yí wọn ká. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àpá yẹn á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ débi pé aláìsàn lè máa bì ẹ̀jẹ̀, nígbà tí àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wọn iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Àyẹ̀wò àtijọ́ fún un, Kato-Katz, ìgbẹ́ tó jẹ́ 41.7 mílígíráàmù péré ló ń lò. Ẹ bu ìyẹn síwájú ara yín, ẹ ó rí i pé kò tó nǹkan. Bí a bá rí ẹyin kan níbẹ̀, a ó sọ ọ́ di 24 fún gíráàmù kan. Bí ẹyin ò bá sì pọ̀, ó rọrùn kí a má rí ọ̀kan, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti gbé ọ̀pọ̀ ẹyin há. PCR dára níbí ju ibi gbogbo lọ. Ìlà kan wà nínú DNA mansoni tó gùn ní lẹ́tà 121, tí aràn náà ń tún kà léraléra débi pé ó kó nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo DNA rẹ̀. Práímà tó bá ń wá ìlà yìí kò ní rìn jìnnà kó tó rí i, kódà nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí ẹyin kankan kò sí. Ohun tí PCR ò lè sọ ni bí àpá ẹ̀dọ̀ ti pọ̀ tó. Síkáànù ló mọ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ màlúù wá kàn, torí àwọn èèyàn máa ń béèrè rẹ̀ gan-an. Àwọn alápatà ní odò ẹran mọ aràn pẹlẹbẹ tó rí gbọọrọ, tó máa ń yọ jáde bí wọ́n bá la ẹ̀dọ̀ màlúù. Fasciola ni, Fasciola gigantica ló wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣé ẹni tó bá jẹ ẹ̀dọ̀ yẹn yóò kó o? Rárá. Ewéko etí omi tàbí omi tí ọmọ aràn náà ti lẹ̀ mọ́ ló ń gbé e wọ ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan lọ sí òde ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó jẹ ẹ̀dọ̀ díndín dáadáa, ẹyin aràn sì wà nínú ẹ̀dọ̀ yẹn. Ẹyin náà á gba inú rẹ̀ kọjá láìpa á lára. Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, ó gbé ìgbẹ́ wá, a sì rí ẹyin Fasciola. Maikirosíkóòpù gbà pé aràn wà lára rẹ̀. Bí a bá ṣe PCR lórí ìgbẹ́ yẹn, PCR náà á gbà, torí DNA ni DNA, kò bìkítà bóyá inú ẹ̀dọ̀ màlúù ló ti wá tàbí inú ẹ̀dọ̀ tirẹ̀. Oògùn rẹ̀ rọrùn: kí ẹni náà má jẹ ẹ̀dọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tún gbé ìgbẹ́ wá. Bí ẹyin bá ti lọ, oúnjẹ ni. Ẹni tó sì ní i ní tòótọ́ lè máà ní ẹyin nínú ìgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, títí aràn náà yóò fi dàgbà, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún; áńtíbọ́dì ló máa ń kọ́kọ́ ríran nígbà yẹn.

Àwọn nǹkan kékeré kan wà tó ń ba PCR jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbẹ́ tí wọ́n ti da fọ́málíìnì lé kò wúlò fún un mọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí fọ́málíìnì ń bẹ́ DNA sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi sínú ẹtánọ́ọ̀lù tàbí kí ẹ gbé e sínú fírísà. Ìgò ẹ̀jẹ̀ tó ní hẹ́párììnì ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, olómorí àlùkò tó ní EDTA la máa ń fẹ́. Ìgbẹ́ fúnra rẹ̀ ní òróòro àti àwọn nǹkan mìíràn tó lè dá iṣẹ́ náà dúró pátápátá, kí èsì sì máa sọ "kò sí". Láàbù tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń fi DNA mìíràn tí a mọ̀ sínú ìgò kékeré kan náà: bí òun pẹ̀lú kò bá jáde, a mọ̀ pé iṣẹ́ ló dúró, kì í ṣe pé kòkòrò kò sí.

Àwọn tó rò pé iṣẹ́ òyìnbó nìkan ni gbogbo èyí, Ẹdẹ kò jìnnà sí wa. Ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's wà lára àwọn tó fi PCR fìdí Ebola múlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014. Ohun tó ń dènà wa ni owó kẹ́míkà, fírísà tí kò gbọdọ̀ yọ́, àti iná tó ń lọ nígbà tí ẹ̀rọ dé ìyípo 22. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn LAMP, ọ̀nà mìíràn láti sọ DNA di púpọ̀, tí àwọn ará Japan gbé jáde ní 2000. Práímà mẹ́rin tàbí mẹ́fà ló ń lò dípò méjì, ooru kan ṣoṣo, 60 sí 65°C, sì ti tó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà kò nílò ẹ̀rọ tó ń gbóná tó ń tutù. A lè fi ojú rí i bí omi inú ìgò kékeré náà ti ń yí àwọ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert tí ẹ rí ní ilé ìwòsàn, PCR ni òun náà, ṣùgbọ́n káátíríìjì tó ń wá ikọ́ fée kò lè wá aràn ẹ̀dọ̀.

Àwọn kan á ní ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wá ńkọ́, ṣebí kòkòrò rẹ̀ náà ń gba ẹ̀dọ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀ léṣe lákòókò yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń wá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ má ṣe yára tún PCR ṣe. Ẹyin mansoni tó há sínú ara lè máa tú DNA sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn praziquantel ti pa aràn tó yé e, èsì á sì máa sọ "ó wà" fún ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ihò amíbà náà rí bẹ́ẹ̀ lórí síkáànù. Ibà lè ti lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí aláìsàn sì ti padà sí ọjà Àtàkúmọ̀sà, kí ihò yẹn ṣì máa hàn títí di oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara rẹ̀ bá le, ihò náà nìkan kì í ṣe ìdí láti bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun.